Awọ ìdí èékánná: òróró ló ń fẹ́, kì í ṣe abẹ

Nínú gbogbo ọwọ́ tí mo ti bá pàdé nídìí iṣẹ́ yìí, èyí tí awọ ìdí èékánná rẹ̀ máa ń burú jù kì í ṣe ọwọ́ ẹni tí kò tọ́jú rẹ̀ rí. Ọwọ́ ẹni tó ń gé e lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Bó ṣe ń gé e, bẹ́ẹ̀ ló ń nípọn sí i, tó ń le, tó ń ya, títí onítọ̀hún á fi gbà pé bí Ọlọ́run ṣe dá awọ òun nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ara tí a gé yóò jinná lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tó bá jinná lẹ́yìn ọgbẹ́ kì í jọ̀lọ̀ bí ibi tí irin kò kàn. Òróró, omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ àti sùúrù ló ń tún un ṣe.

Ẹ na àtàǹpàkò yín síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, kí ẹ wo ìdí èékánná rẹ̀ dáadáa. Nǹkan méjì ló wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní ẹyọ kan. Èkíní ni ẹran ara ìka gan-an, tó ká bo ìdí èékánná. Alààyè ni: ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn nínú rẹ̀, bí ẹ bá sì fún un, yóò dùn yín. Èkejì ni awọ òkú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó yọ láti abẹ́ ẹran ara yẹn, tó lẹ̀ mọ́ ojú èékánná, tó ń bá a rìn bó ṣe ń hù. Ó lè funfun, ó sì lè mọ́ gaara débi pé ẹ ò ní tètè rí i, àfi bí ẹ bá fi èékánná mìíràn họ ibẹ̀ díẹ̀ tó wá ṣí. Èyí kì í dunni. Òun nìkan ni a lè mú kúrò.

Iṣẹ́ àwọn méjèèjì ni pé wọ́n dí àlàfo tó wà láàárín èékánná àti ìka, kí omi, ọṣẹ àti kòkòrò àìfojúrí má bàa ráyè wọlé. Lábẹ́ ibẹ̀ gan-an ni èékánná ti ń hù. Funfun tó dà bí ìlàjì òṣùpá tí ẹ ń rí nídìí àtàǹpàkò, apá kan ibi tí èékánná ti ń jáde nìyẹn. Ìyókù fara pamọ́ sábẹ́ awọ. Nítorí náà, ẹni tó ń fi irin tẹ awọ yẹn, orí ibi tí èékánná ti ń hù ló ń tẹ̀. Èékánná ọwọ́ máa ń gùn tó mìlímítà 3 lóṣù kan, ó sì máa ń gbà tó oṣù 6 kí ọ̀kan tó pààrọ̀ ara rẹ̀ tán láti ìdí dé orí. Ìdí nìyẹn tí ìpalára ibẹ̀ kì í fi í hàn lójú ẹsẹ̀. Àmì funfun kéékèèké tí ẹ rí láàárín èékánná lónìí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó kọlu ìdí rẹ̀ ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn, bóyá lọ́jọ́ tí ẹnì kan fi irin ti awọ náà jù. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń sọ pé àìtó kálísíọ̀mù ló fà á, wọ́n á wá máa ra oògùn tí wọn ò nílò.

Ìwà kan wà tí mo máa ń kìlọ̀ rẹ̀ gan-an: kí èèyàn máa fi ìka kejì ti awọ ìdí àtàǹpàkò sẹ́yìn ṣáá nígbà tó bá jókòó láìríṣẹ́ ṣe. Bó bá pẹ́, èékánná àtàǹpàkò náà á máa fa ilà ìbú, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan láti ìdí dé orí, kòtò gbọọrọ kan á sì la àárín rẹ̀ já. Àwọn tó ní in máa ń rò pé àrùn ló kọlu àwọn, wọ́n á sì máa fi oògùn tí kò kàn án pa á lásán. Ẹ lẹ pílásítà mọ́ ìdí rẹ̀ kí ìka má bàa ráyè débẹ̀. Èyí tó ń hù bọ̀ lábẹ́ á gún régé, bí oṣù ti ń gorí oṣù.

Títọ́jú rẹ̀ kì í gba àkókò. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ti tó. Ìgbà tó dára jù ni ìgbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán, nítorí awọ náà ti rọ̀ fúnra rẹ̀. Bí kì í bá ṣe lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹ rẹ ìka sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 3 sí 5, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ̀ pé ibi púpọ̀ ni wọ́n ti ń rẹ ọwọ́ fún ìṣẹ́jú 15 tàbí 20, mi ò sì fara mọ́ ọn. Èékánná máa ń mu omi, á wú. Bó bá tún gbẹ, á sún kì. Wíwú àti sísúnkì yìí ló máa ń jẹ́ kí orí rẹ̀ máa bó ní ìpele ìpele, òun náà ló sì ń jẹ́ kí kútẹ́ẹ̀sì tí a kùn kété lẹ́yìn rírẹ ọwọ́ tètè ṣí.

Ẹ nu ọwọ́, kí ẹ fi òróró díẹ̀ pa ìdí èékánná kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ yìí, ẹ wé òwú mọ́ orí rẹ̀. Ìtayín mímú kò dára, irin tí wọ́n fi ń tì í náà kò wù mí lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí igi náà dàgẹ̀rẹ̀ lé èékánná, kó má dúró ṣánṣán, kí ẹ wá máa yí i kéékèèké láti àárín lọ sí ẹ̀gbẹ́. Bí abẹ́ èékánná bá di funfun níbi tí igi wà, ẹ ti tẹ̀ ẹ́ jù nìyẹn. Ibi tó bá kọ̀ tí kò sún, ẹ fi í sílẹ̀ di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Òróró á ti bá yín bá a sọ̀rọ̀ kó tó dìgbà yẹn. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi aṣọ ìnura tó tutù díẹ̀ nu èékánná láti ìdí lọ sí orí, àwọn awọ òkú tó ti ṣí á bá aṣọ lọ. Èyí tó bá ṣẹ́kù, tó gbé sókè tó sì funfun, ni kí ẹ fi àlùmọ́gàjí kékeré gé. Ẹ̀gún awọ tó máa ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ èékánná náà, gígé ni ẹ óò gé e, ní ìdí rẹ̀, kó dọ́gba mọ́ ara. Ẹ má fà á. Ìdí rẹ̀ wọnú alààyè, bí ẹ bá fà á, á ya wọ ibi tí kò tíì ṣí. Ẹ má sì fi eyín gé e, nítorí kòkòrò inú itọ́ pọ̀ ju èyí tí ojú ọgbẹ́ lè gbà.

Oògùn olómi tí wọ́n fi ń yọ awọ òkú wà lọ́jà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ní potassium hydroxide tàbí sodium hydroxide nínú. Mọ̀lẹ́bí omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú ni wọ́n, mọ̀lẹ́bí sódà tí àwọn aláró ń dà sínú ìkòkò aró náà ni. Ó ń tú awọ òkú, ṣùgbọ́n kò dá òkú mọ̀ yàtọ̀ sí alààyè. Ìṣẹ́jú kan tó. Ẹ má fi sí ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lẹ́ẹ̀kan, nítorí kí ẹ tó dé ìka kẹwàá, ti àkọ́kọ́ á ti pẹ́ jù. Ọwọ́ kan lẹ́ẹ̀kan ni. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ kúrò, kì í ṣe aṣọ ni kí ẹ fi nù ún. Bí ìka bá ṣì ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́, ó ṣì wà níbẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí awọ rẹ̀ ti ya tẹ́lẹ̀ kò gbọ́dọ̀ lò ó, ẹni tí awọ rẹ̀ dá ṣáṣá pàápàá kò nílò rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọ̀rọ̀ òróró ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí òun ló ń ṣe ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́rin iṣẹ́ yìí. Òróró kì í fún awọ lómi. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dá omi tó wà níbẹ̀ dúró kó má bàa fẹ́ lọ. Nítorí náà, ẹni tó fi òróró pa ọwọ́ gbígbẹ kò jẹ èrè rẹ̀ tó ẹni tó fi pa á nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ ọwọ́, tí ọ̀rinrin ṣì wà lára. Ẹ nu omi tó ń kán, kí ẹ sì fi òróró pa á láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ẹ̀kán kan tó ìka méjì. Ẹ fi àtàǹpàkò ọwọ́ kejì fi ra ìdí èékánná àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì fún bí ìṣẹ́jú àáyá 15. Àárọ̀ àti alẹ́ tó ní àsìkò òjò. Nígbà ọyẹ́, láti December lọ sí February, ẹ sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, nítorí afẹ́fẹ́ ìgbà náà máa ń fa omi jáde lára awọ kíákíá.

Èwo ni ká lò? Òrí tí wọ́n ń gbé wá láti Òkè-Ògùn dára gan-an ní alẹ́: ó nípọn, ó sì máa ń pẹ́ lórí awọ. Àdín àgbọn fúyẹ́, ó tètè ń wọra, òun ló yẹ ọ̀sán, nígbà tí èèyàn ṣì fẹ́ fọwọ́ kan ìwé àti fóònù. Àdín dúdú ń ṣiṣẹ́ bákan náà, òórùn rẹ̀ nìkan ni kì í jẹ́ kí gbogbo èèyàn fẹ́ ẹ. Jojoba tí wọ́n ń kó wọlé dára, àmọ́ owó rẹ̀ kò jọ ti òrí, mi ò sì tíì rí ohun tó ń ṣe fún awọ yìí tí òrí kò lè ṣe. Vaseline ń kọ́? Kò sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Nínú dídá omi dúró, kò sí èyí tó lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn, kò sì ní òórùn dídùn tó lè yún ẹni tí ara rẹ̀ kì í gba nǹkan. Èmi a máa po òrí ṣíbí 2 mọ́ àdín àgbọn ṣíbí 1. Ẹ gbé abọ́ rẹ̀ ka omi gbígbóná títí yóò fi yọ́, ẹ má gbé e ka iná tààrà. Nígbà ọyẹ́, òrí máa ń dì gbagidi, torí náà ẹ jẹ́ kó di ìdajì sí ìdajì. Inú agolo kékeré tó gbẹ ni kó wà, kí ẹ má sì ti ìka tó lómi bọ̀ ọ́, kó má bàa hu.

Ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn kan fi ń fọ èékánná kó lè funfun, mo bẹ̀ yín, ẹ yé lò ó. Kíkan rẹ̀ ń gbẹ awọ, ojú ibi tó ya á sì máa ta. Èyí tó burú jù ni pé bí omi rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ tí oòrùn sì pa á, ó lè jó awọ tàbí kó sọ ọ́ di dúdú fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀.

Òróró nìkan kò lè gba àwọn tí ọwọ́ wọn kì í gbẹ: alágbàfọ̀, ìyá olóúnjẹ, àwọn tó ń fọ ẹja, àwọn tó ń fọ irun ní ṣọ́ọ̀bù, nọ́ọ̀sì. Omi àti ọṣẹ máa ń tú awọ tó dí àlàfo yẹn díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lọ tán. Ẹ óò rí i pé ìdí èékánná ti wú, ó ń dán, kò sì sí awọ fẹ́lẹ́ kankan níbẹ̀ mọ́. Àlàfo kan ti ṣí tí omi ń wọ̀ lọ wọ̀ bọ̀. Bó bá ti wà bẹ́ẹ̀ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ, ó ti di bárakú, èékánná á sì máa hù jáde ní wọ́gọwọ̀gọ. Oògùn rẹ̀ àkọ́kọ́ ni gbígbẹ. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni kí ẹ wọ̀, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ òwú nísàlẹ̀ rẹ̀, torí rọ́bà nìkan máa ń mú ọwọ́ làágùn, òógùn náà sì jẹ́ omi. Bí ti inú bá ti rin, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn tó ń pa aṣọ láró ní Ìtokú, l'Ábẹ́òkúta, àti ní Òṣogbo, fi ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́ yìí sọ́kàn ju gbogbo wa lọ: sódà tó wà nínú aró lágbára gan-an, mọ̀lẹ́bí ti inú oògùn èékánná tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni, kì í sì í ṣe ìṣẹ́jú kan ni ọwọ́ wọn ń lò nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń fi èékánná àtọwọ́dá sí, ẹ wo ibi tí ẹni tó ń ṣe é fún yín ń fi gèlì àti gọ́ọ̀mù dé. Kò gbọ́dọ̀ kan awọ rárá. Àlàfo bíi mìlímítà 1 gbọ́dọ̀ wà láàárín rẹ̀ àti ìdí èékánná. Bó bá kan awọ, nǹkan méjì ló lè ṣẹlẹ̀. Ó lè ṣí níbẹ̀, kí omi wọ abẹ́ rẹ̀, kí kòkòrò tó ń mú èékánná di àwọ̀ ewé sì gbilẹ̀ síbẹ̀. Tàbí kí ara bẹ̀rẹ̀ sí í kọ kẹ́míkà inú gèlì náà: ìdí èékánná á máa yún, á máa bó, á máa wú. Ara tó bá ti kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan kì í sábà gbà á mọ́, títí ayé ni. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ kọ́kọ́ fi Vaseline bo awọ ìdí èékánná kí asítóònù má bàa gbẹ ẹ́, ẹ fi òwú tó rin fún asítóònù lé orí èékánná nìkan, ẹ fi bébà onírin wé e fún ìṣẹ́jú 10 sí 15. Ẹni tó bá ń fi agídí ṣí i, ojú èékánná gan-an ló ń bó. Làálì ní tirẹ̀ kò ní wàhálà fún awọ yìí, bó bá jẹ́ ewé làálì lásán. Èyí tó dúdú kirikiri, tí wọ́n po mọ́ dáì irun, ni kí ẹ sá fún.

Ó ku ọ̀rọ̀ irinṣẹ́. Àwọn ará Òkè Ọya tó máa ń lu àlùmọ́gàjí wọn kiri àdúgbò ń ṣiṣẹ́ tó wúlò, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn tó ń ṣe èékánná lábẹ́ agboòrùn ní ọjà, ṣùgbọ́n irin kan náà ló ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Kòkòrò hepatitis B, àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, lè wà láàyè lórí irin gbígbẹ fún ọjọ́ 7, ó kéré tán, bí ẹ ò tilẹ̀ rí ẹ̀jẹ̀ kankan níbẹ̀. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí kálukú ra tirẹ̀, kó máa mú un dání. Ní Brazil, níbi tí gígé awọ yìí ti jẹ́ àṣà, ọ̀pọ̀ obìnrin ló ń gbé irinṣẹ́ tiwọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Bí irin bá máa kan ju ẹnì kan lọ, ẹ kọ́kọ́ fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́, torí ìdọ̀tí máa ń bo kòkòrò mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ sè é nínú omi tó ń hó fún ìṣẹ́jú 20. Ẹ lè rẹ ẹ́ sínú Jik tó jẹ́ 3.5%, ìwọ̀n Jik kan sí ìwọ̀n omi mẹ́fà, fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ wá ṣan án kó má dípẹtà. Fífi sípírítì nù ún fìrí kò tó. Igi àti òwú kò ṣeé fọ̀, dídànù ni wọ́n. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ èékánná jẹun gbọ́dọ̀ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B.

Bí ìdí èékánná bá wú lójijì tó sì ń ta, lórí awọ dúdú, ẹ má retí pé kó pọ́n. Ẹ wò ó bóyá ó ń dán, bóyá ó dúdú ju àwọn yòókù lọ, bóyá ó gbóná. Bí kò bá tíì ṣọyún, ẹ rẹ ìka náà sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Bí ọjọ́ méjì bá kọjá láìdẹ̀, tàbí ọyún ti hàn, tàbí ara ń gbóná, tàbí ìka kò ṣeé ká, ilé ìwòsàn ló kàn. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un nílé. Ìléròrò kéékèèké tó kó jọ, tó kún fún omi, tó ń ta bí iná, kò gbọ́dọ̀ rí abẹ rárá, torí ó lè jẹ́ àrùn tó ń fa egbò ẹnu ló bọ́ sí ìka. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ kò gbọ́dọ̀ dúró de ọjọ́ méjì kankan. Ọjọ́ náà gan-an ni kó lọ.

Nígbà tí ẹ bá ń fi òróró pa á, ẹ máa wo àwọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Àwa aláwọ̀ dúdú sábà máa ń ní ilà dúdú gbọọrọ lórí èékánná púpọ̀, kò sì léwu. Èyí tó wà lórí èékánná kan ṣoṣo, tó ń fẹ̀ sí i, tí dúdú rẹ̀ wá tàn sórí awọ ìdí èékánná, ni kí ẹ gbé lọ bá dókítà láìjáfara, nítorí ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ tí wọ́n ń pè ní melanoma. Irú rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ èékánná ọmọ ìka ẹsẹ̀ ńlá Bob Marley. Ọdún 1977 ni wọ́n mọ̀ ọ́n, ó sì kú ní 1981, lẹ́ni ọdún 36.

Ẹni tó bá fẹ́ dáwọ́ gígé dúró báyìí, kó mọ̀ pé kò ní kọ́kọ́ rẹwà. Fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, awọ náà á máa hù jáde ní págunpàgun, á nípọn, á sì máa pe abẹ. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ máa ń padà sídìí rẹ̀. Ẹ gé ẹ̀gún tó bá gbé sókè nìkan, ẹ máa fi òrí pa á lálaalẹ́, kí ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́ òwú sùn bí ó bá ṣeé ṣe. Bó bá fi máa di oṣù kejì, awọ tuntun tí irin kò kàn á ti máa yọ, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí igi àti òwú lásán á máa tó o.